Sọ́rì Tí Mo Sọ ní GRA

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, gbogbo ẹni tó bá yà sílé mi ní Àgídìngbì ló ń bi mí pé, "Mà, báwo ni ìlú Òyìnbó?" Wọ́n fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òtútù, kí n sọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn tó ń gbé ènìyàn ròkè fúnra rẹ̀, kí n sì kó ohun tí mo rà jáde kí wọ́n wò ó. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí pé kí ni mo lọ ṣe níbẹ̀. Wọ́n ti dáhùn ìyẹn fúnra wọn: ọmọ tí Ṣadé ọmọ mi bí ni mo lọ gbé.

Òótọ́ ni, mo gbé ọmọ. Mo wẹ̀ ẹ́, mo pọ̀n ọ́n, mo sì ń kì í ní oríkì rẹ̀ kí òtútù má baà gbàgbé ẹni tó ń fẹ́ sí. Ṣùgbọ́n arúgbó tí orúnkún ń dùn kì í wọ bàálù nítorí ọmọ nìkan. Mo lọ gba orúkọ mi padà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e lọ. Mo rí i gbà. Bí mo ṣe rí i gbà ni mo fẹ́ kọ síbí, kí ẹni tó bá tún bi mí léèrè lè jókòó kà á, kí n sì ráyè jẹun.

Kí n tó gbéra

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré nígbà náà, nígbà tí àwọn Òyìnbó ṣì ń ṣe máníjà ní àwọn fakitírì Ìkẹjà, èmi ni mo ń tọ́jú yàrá ìkàwé ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo ti ṣe tíṣà kí n tó dé ibẹ̀. Ìyàwó máníjà, Ìyáàfin Pẹ́ndù, fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ju oúnjẹ lọ. Ẹ mọ irú ìwé tí mò ń wí, àwọn ti àtijọ́ tí àwọn Òyìnbó kọ: ẹnì kan á kú nínú ilé ńlá, gbogbo àlejò ilé ló lè jẹ̀bi, ẹnì kan tí kò jọ ẹni tó gbọ́n á wá máa béèrè ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, títí yóò fi pe gbogbo wọn jọ sí pálọ̀ tí yóò sì na ìka sí ọ̀daràn. Inú àpótí ni obìnrin náà kó wọn sí wá láti ìlú rẹ̀. Ó ń yá mi ní wọn. Ní ọ̀sán Sátidé á ní kí n wá sílé òun ní GRA, a óò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, a óò máa jiyàn lórí ẹni tó pa òkú kí á tó ṣí ojú ewé ìgbẹ̀yìn. Èmi ni mo sábà máa ń mọ̀ ọ́n. Kò dùn mọ́ ọn nínú.

Sátidé kan tí òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, mo bá a tó ń wá aago ọwọ́ rẹ̀, aago wúrà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Háà, sọ́rì, Mà. Sọ́rì o. Sọ́rì gan-an ni."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó ní, "Kí ló dé tí o fi ń sọ sọ́rì?"

Mo ní, "Nítorí aago yín ni, Mà."

Ohun tí mo sọ kò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí mo sọ. Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ lójú títì Ọba Àkran, gbogbo ẹni tó jókòó ní ìsọ̀ ló máa ní "Pẹ̀lẹ́ o", kò sì sí ẹni tó máa rò pé àwọn ni òkúta. Ṣùgbọ́n Òyìnbó gbọ́ ìjẹ́wọ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mẹ́gáàdì tú àpò mi sílẹ̀ lẹ́nu géètì lójú gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń wọlé, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán, akọ̀wé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ni wọ́n rán sí mi pé iṣẹ́ ti bọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi ni wọ́n. Àwọn ni máníjà máa ń pè bí ọ̀rọ̀ àwa dúdú bá rú u lójú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n wá sílé wa, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò." Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi náà dúpẹ́. Kò pẹ́ tí ìyàwó wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú yàrá ìkàwé náà. Mo sọ fún ara mi pé ẹnì kan ṣáà ní láti ṣe é.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pè mí lólè lójú. Wọ́n kàn máa ń gbé nǹkan kúrò níwájú mi ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí wọ́n ṣì wà láyé tí wọn óò sì ka èyí, bí mo bá jókòó tì wọ́n, wọn a rọra gbé pọ́ọ̀sì wọn láti ọ̀tún sí òsì. Wọ́n ṣe é níbi ìsìnkú ọkọ mi pàápàá. Omi ń bọ́ lójú wọn, ọwọ́ wọn ń gbé pọ́ọ̀sì.

Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìkan ni mi ò fi sílẹ̀. Nígbà tí Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí àwọn fakitírì ń tilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí fèrè òwúrọ̀ Ìkẹjà ń dákẹ́ títí ènìyàn fi lè gbọ́ ẹyẹ, wọ́n kó ìwé yàrá ìkàwé yẹn dànù. Mo bá wọn lẹ́bàá ojú irin ní Agége, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ya ojú ewé wọn fi wé ẹ̀pà fún oníbàárà. Mo ra gbogbo èyí tó kù. Ọ̀kan kò ní ojú ewé ìgbẹ̀yìn mọ́. Ẹ̀pà ti gbé ọ̀daràn lọ. Mo ń pààrà ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ń ra ẹ̀pà, mo ń tú bébà wò, títí obìnrin náà fi ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀pà yìí ò ní ṣe yín léṣe báyìí?"

Mo ní, "Ẹni tó pa ọkùnrin inú ìwé yẹn ni mò ń wá."

Ó ní, "Yéè! Ṣé wọn ò tíì mú un ni?"

Wọn ò tíì mú un. Bí gbogbo nǹkan wa ṣe rí nìyẹn lábẹ́ àwọn ológun. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan ní Dópẹ̀mú, ọmọ ẹni tí mo kọ́ ní ìwé. Ìyá rẹ̀ lọ láti àgọ́ ọlọ́pàá dé àgọ́ ọlọ́pàá, kò sí ẹni tó sọ ìdí fún un. Ojú ewé ìgbẹ̀yìn ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í rí kà. Nítorí náà, nígbà tí Ṣadé, ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, bímọ tó sì ní kí n máa bọ̀, mo ti mọ ibi tí n óò yà sí. Ìyáàfin Pẹ́ndù ti dárúkọ abúlé rẹ̀ sí mi létí títí mo fi lè pè é lójú oorun. Mo pinnu pé n óò jókòó ní pálọ̀ kan lójú àwọn ènìyàn rẹ̀, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé mi ò jí aago òun.

Lọ́ńdọ̀nù

Òtútù tó pàdé mi lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èyí tí wọn kò sọ fún yín ni pé ibẹ̀ dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo kí obìnrin ilé kejì; ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ tí mò ń kí. Mo gé búrẹ́dì Agége tí mo gbé lọ, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó fún Ṣadé ní káàdì kékeré kan tí òdòdó wà lára rẹ̀, ó fi dúpẹ́. Odi kan ló wà láàárín wa, káàdì ló fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, mo tẹ ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ o, pẹ̀lú gbogbo ara tí Ọlọ́run fún mi. Òun ló yíjú sí mi tó ní, "Sọ́rì."

Mo bi Ṣadé pé, "Kí ló ṣe fún mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Màámi. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn."

"Ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn?"

"Ó jẹ́wọ́ kí ni?"

"Èmi kọ́ ni kí o bi. Kí wọ́n lọ gba kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọmọ mi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀. Ó ti darúgbó."

Mo ní, "Èmi ń kọ́? Ṣé mo ń kéré sí i ni?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Wọ́n ń sọ sọ́rì bí wọ́n bá fẹ́ kọjá, wọ́n ń sọ ọ́ bí wọn kò bá gbọ́ ohun tí o wí, wọ́n ń sọ ọ́ fún àga tí wọ́n bá kọlù. Àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ba ayé mi jẹ́ ń ná an dànù lójú pópó bí ẹni ń da omi ìfọwọ́ nù. Mo dúró títí ọmọ fi lè jókòó, mo ní kí Ṣadé gbé mi wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí ìgbèríko.

Abúlé tí mo ti kà

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀, mo mọ ibẹ̀. Ilé ìjọsìn olókùúta pẹ̀lú ibojì ní àgbàlá rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, ọgbà òdòdó níwájú ilé gbogbo, aṣọ fèrèsé tó máa ń mì díẹ̀ bí àlejò bá ń kọjá. Ojú mi ń wá ibi tí wọ́n máa ń fi oògùn èkúté pamọ́ sí. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù jáde sí mi, ó ní, "Ṣé o ṣìnà ni?"

Mo ní, "Rárá. Mo ti ka ibí rí."

Ẹnu yà á. Ó nawọ́ ilé Ìyáàfin Pẹ́ndù sí mi, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi kanlẹ̀kùn níbẹ̀. Ìyẹn náà wà nínú ìwé.

Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn ti tẹ̀, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ó wò mí, ó pe orúkọ mi ní kíkún, ó sì pè é bó ṣe yẹ. Mi ò ráyè dá a lóhùn, nítorí ojú mi ti bọ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Aago ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ó rí ojú mi. Ó fa apá súẹ́tà rẹ̀ bò ó.

Gẹ̀ẹ́sì la sọ. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ". N óò fi "o" túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì, nítorí mi ò wá kúnlẹ̀.

Ó po tíì. Ó gbé kéèkì síwájú mi. Mo ní rárá, o ṣeun, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n tọ́, mo wá ń retí kó tún fi lọ̀ mí. Ó gbé e padà! Ó gbé kéèkì náà padà sí kíṣìnnì, bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ni mi ò ti fi nǹkan kan sẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ, ẹ fi eléyìí sọ́kàn: ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fi oúnjẹ lọni níbẹ̀.

Mo ní, "Níbo lo ti rí i?"

"Nínú bàtà òjò mi. Mo jáde lọ wo òdòdó nínú òjò lọ́jọ́ yẹn, mo bọ́ ọ sínú bàtà òjò kan tí mi ò wọ̀ kí omi má baà kàn án. Ìgbà tí à ń di ẹrù àtipadà wálé ló jábọ́."

"O ò kọ̀wé sí mi."

"Ọkọ mi ní kí n má hú u jáde mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó kú. Lẹ́yìn ìyẹn ojú ń tì mí."

Mo mu tíì mi. Mi ò sọ pé kò burú, torí pé ó burú. Ó yí ife rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wá ní, "Lọ́la, àwa obìnrin abúlé ń pàdé ní gbọ̀ngàn ìjọ. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ la máa ń kà, a sì máa ń jiyàn bíi tìgbà yẹn. Ṣé wàá bá mi lọ?"

Mo ní màá lọ. Pálọ̀ tí mò ń wá ti dé.

Gbọ̀ngàn ìjọ

Àwọn ìyá arúgbó ni gbogbo wọn, àyàfi obìnrin kan tó ń hun súẹ́tà. Wọ́n to àga yípo. Wọ́n gé búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi kùkúńbà sí láàárín. Mo mú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti kọ́gbọ́n. Wọ́n ń sọ ìdí tí ìwé àtijọ́ wọ̀nyẹn kò fi tán lọ́wọ́ ènìyàn. Ọ̀kan ní ó dà bí àlọ́ àpamọ̀. Èkejì ní bí òun bá kà á lórí bẹ́ẹ̀dì, òun á sùn dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Aláṣọ híhun wá kọjú sí mi, ó ní, "Ṣé wọ́n ń kà á lọ́dọ̀ yín náà?"

Mo dìde. Ṣé ẹ mọ̀ pé tíṣà ni mí; mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìjókòó.

Mo ní, "Lọ́dọ̀ wa, wọ́n lè gbé ènìyàn lọ, kí ilẹ̀ mọ́, kí ọjà ná, kí ẹnikẹ́ni má béèrè. Nínú ìwé yìí, ẹnì kan ṣoṣo á kú, ènìyàn burúkú pàápàá, gbogbo abúlé kò sì ní sinmi títí a ó fi mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ̀yin ń pè é ní ìtàn ikú. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá na ìka sí ẹnì kan nínú pálọ̀ yẹn, gbogbo àwọn tó kù, tí a ti ń fura sí láti ojú ewé kìíní, ló ń gba òmìnira. Ìránṣẹ́bìnrin tó kàn gbé àwo wọlé á lè máa lọ sílé. Torí tirẹ̀ ni mo ṣe ń kà á. Aago tó wà lọ́wọ́ Ìyáàfin Pẹ́ndù yẹn, èmi ni wọ́n sọ pé mo jí i. Mo fẹ́ ojú ewé ìgbẹ̀yìn mi."

Aláṣọ híhun dáwọ́ dúró. Ìyáàfin Pẹ́ndù dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú. Mo rò pé yóò bínú. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó bínú, kí n lè rí ẹni bá jà.

Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Kò jí nǹkan kan. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní sọ́rì, mo sì gbà pé òun ni. Ṣùgbọ́n kò dá mi lójú." Ó kọjú sí mi. "Kò dá mi lójú rárá, nítorí o kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Torí ìyẹn ni mo fi bi Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán ní ọjọ́ Mọ́ńdè kí a tó ṣe nǹkan kan. Mo ní, ní èdè yín, ṣé ẹni tí kò ṣe ohun kan lè sọ sọ́rì nítorí rẹ̀? Ó ní, 'Rárá, Mà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ṣẹ̀ nìkan ló ń sọ ọ́.'"

Mo jókòó.

Ọkùnrin tó bọ́ fìlà ní pálọ̀ mi. Ọkùnrin tó ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an", tí ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ láàárọ̀ fún Òyìnbó pé kò sí ní èdè wa, òun náà ló gbé wá fún mi ní ìrọ̀lẹ́. Èmi tí mo máa ń mọ ọ̀daràn kó tó dé ìdajì ìwé, ẹ̀rí wà lórí àga mi, mo fún un lómi mu. Kí ló sì jèrè? Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé, fún ìyàwó rẹ̀.

Ẹ ti rí i pé mi ò pè é ní "wọ́n" mọ́. Kì í ṣe àṣìkọ.

Gbogbo àwọn ìyá náà ń sọ sọ́rì sí mi lábẹ́lẹ̀. Ìyáàfin Pẹ́ndù náà ti la ẹnu, ó ní, "Sọ́rì," ó wá dúró. Ó mi orí. Ó ní, "Rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tó mọ́ láàárín àwa méjèèjì. Mo ṣẹ̀ ọ́." Ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Nígbà tí wọ́n gbé kéèkì kọjá, ó gbé e wá síwájú mi, mo ní rárá. Ó tún fi lọ̀ mí. Mo ní rárá. Ó tún fi lọ̀ mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo mú un. Ta ló kọ́ ọ, mi ò mọ̀.

Pálọ̀ Àgídìngbì

Ọláìtán ti di Baba Ìjọ báyìí. Ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ mọ géètì rẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé ni mo gbọ́ pé ó ṣubú ní bálùwẹ̀, itan rẹ̀ sì yẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin ìjọ lọ kí i. Mo wé gèlè mi, mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n kún pálọ̀ náà títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú pọ́ọ̀sì wọn. Mo jókòó tì wọ́n gan-an.

Ẹnu mi kò gbà láti sọ "ìwọ" fún àgbà lójú èèyàn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Baba."

Ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá Ṣadé. Ẹ káàbọ̀ o! Báwo ni ìlú Òyìnbó?"

"Ó dára, Baba. Ìyáàfin Pẹ́ndù ní kí n kí yín."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọ̀pá rẹ̀. Mo kọjú sí àwọn obìnrin. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, ta ni nínú yín tí kò tíì sọ pẹ̀lẹ́ fún Baba?"

"Gbogbo wa la ti sọ ọ́, Mà."

"Ó dáa. Ta ló tì wọ́n ṣubú nínú yín?"

Ẹ̀rín bú jáde. Ọ̀kan ní, "Ìyá Ṣadé, òtútù Lọ́ńdọ̀nù ti wọ yín lórí o! Ilẹ̀ bálùwẹ̀ ló yọ̀."

"Ẹ ò tì wọ́n, ẹ wá ń sọ pẹ̀lẹ́?"

Òmíràn ní, "Ẹ gbọ́ mi, Mà, ṣé ó dìgbà téèyàn bá ṣẹ̀ kó tó sọ pẹ̀lẹ́ ni? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mọ ìyẹn."

Mo ní, "Ẹ bi Baba. Àwọn ni Òyìnbó bi léèrè nígbà tí aago sọnù ní GRA. Òyìnbó náà bi wọ́n bóyá ẹni tí kò jalè lè sọ pẹ̀lẹ́. Baba, kí lẹ sọ fún un?"

Ẹ̀rín gé. Ó wo ilẹ̀, ó wo fèrèsé. Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Èwo nìyẹn, Baba? Èyí tí wọ́n fi ń kẹ́dùn ni, àbí èyí tí wọ́n fi ń jẹ́wọ́?"

Mi ò tún un béèrè. Nínú ìwé, ẹni tó bá béèrè á dákẹ́, á jẹ́ kí pálọ̀ ṣe ìyókù. Mo ká ọwọ́ lé itan. Mo ti dúró láti ìgbà tí irun mi ti dúdú. Mo lè dúró di ìsìn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Baba Ìjọ, wọ́n bi yín ní nǹkan o."

Baba tún ọ̀pá wọn dì mú. Wọ́n ní, "Èmi ni. Èmi ni mo sọ fún Òyìnbó pé ẹni tó jẹ̀bi nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Kò jí aago." Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ tán.

Ẹ wò ó, mo ti dá "wọ́n" padà fún wọn. Ohun tí mo ní láti dá padà kò ju ìyẹn lọ. Mi ò sọ pé mo ti dárí jì wọ́n, wọn kò sì tọrọ rẹ̀.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Pọ́ọ̀sì ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà lórí itan wọn, ní ìhà ọ̀dọ̀ mi. Wọn kò gbé e síbì kankan.

Ìgbà náà ni àwọn obìnrin yẹn yíjú sí mi, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn àga Baba, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà." "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." "Ìyá Ṣadé, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an."

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jí nǹkan kan.